Ebi ló ń pa bátìrì, kì í ṣe òtútù

Ìbéèrè tí ẹnì kan fi ránṣẹ́: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ní ọkọ̀ kan tí n kì í gbé jáde nígbà yìnyín. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹrin, inú gáréèjì ló máa ń wà, kò sì sí iná nínú gáréèjì náà. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e jáde lọ́dún tó kọjá, bátìrì ti kú pátápátá, kò tilẹ̀ dún kẹ́ nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́. Mo ṣáàjì rẹ̀, ó ṣíná, mo sì ń lò ó bọ̀ láti ìgbà náà. Òtútù tún ti ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa lọ ṣíná sí ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n yọ bátìrì wọlé, ṣùgbọ́n kí n má gbé e sórí sìmẹ́ńtì, pé sìmẹ́ńtì máa fa iná inú rẹ̀ gbẹ. Ẹni tó ń ta ṣájà ní kí n kàn ra ṣájà, kí n so ó mọ́ ọn títí òtútù á fi lọ. Èwo ni kí n gbọ́? Ṣé bátìrì tó kú lọ́jọ́sí yẹn sì ṣì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé?”

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni wọ́n fún yín: ọ̀kan máa fi àkókò yín ṣòfò, ọ̀kan jẹ́ òtítọ́ ayé àtijọ́, ẹ̀kẹta sì dára fún ẹni tó ní iná nínú gáréèjì, èyí tí ẹ̀yin ò ní. Màá dá wọn lóhùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó pa bátìrì yín, torí ó jọ pé òtútù lẹ ń dá lẹ́bi. Òtútù kọ́.

Bátìrì fóòtì (volt) 12 ní yàrá mẹ́fà nínú, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń mú nǹkan bíi fóòtì 2.1 wá. Àwo òjé ló wà nínú àwọn yàrá náà, inú omi ásíìdì ni wọ́n sì rì wọ́n sí. Ará Faransé kan, Gaston Planté, ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 1859, ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà títí dòní. Bí iná bá ṣe ń jáde nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ásíìdì ń kúrò nínú omi lọ lẹ̀ mọ́ àwo òjé. Tí iná bá wá tán, ohun tó ṣẹ́ kù nínú bátìrì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí omi lásán, omi lásán sì ni yìnyín mọ̀ ọ́n mú. Bátìrì tó kún dáadáa kò lè dì àfi tí òtútù bá sún mọ́ -60 °C, òtútù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní fojú rí láyé wọn. Èyí tó ti lọ dé ìdajì lè dì ní nǹkan bíi -25 °C. Ṣùgbọ́n èyí tí iná rẹ̀ ti tán, -7 °C sí -10 °C ti tó láti sọ inú rẹ̀ di òkúta. Inú gáréèjì kan náà, òtútù kan náà: bátìrì tó yó á sùn, á sì jí, èyí tí ebi ń pa á bẹ́.

Mi ò sọ pé òtútù kò ṣe nǹkan kan o. Ó máa ń sọ bátìrì di ọ̀lẹ. Ní -18 °C, agbára tó fi ń yí ẹ́ńjìnnì lè dín dé nǹkan bí ìdajì, òtútù yẹn náà ló sì tún mú kí ọ́ìlì ki, tó fi jẹ́ pé ìgbà tó rẹ bátìrì jù lọ ni wọ́n ń di ẹrù tó wúwo jù lọ rù ú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ CCA àti nọ́ńbà kan sí ara bátìrì: iye áńpíà, ìyẹn òṣùwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn, tó lè tú jáde fún ìṣẹ́jú àáyá 30 ní -18 °C gan-an, kí fóòtì rẹ̀ tó já ju bó ṣe yẹ lọ. Ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń ba inú bátìrì jẹ́ jù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa rí i nígbà ooru, torí ẹ́ńjìnnì fúyẹ́ láti yí nígbà náà. Òtútù ló ń wá tú àṣírí rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì ń kà á sí lọ́rùn.

Ta wá ló jí iná yín? Ọkọ̀ yín fúnra rẹ̀ ni. Ẹ lè pa á, kí ẹ tì í, kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ lọ, nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀ tí kì í sùn: álààmù ń ṣọ́nà, ẹ̀rọ tó ń dúró de rìmóòtù ń tẹ́tí, aago ń rìn, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń tọ́jú ohun tó mọ̀. Nínú ọkọ̀ tí kò ní àléébù, gbogbo wọn papọ̀ kò yẹ kó ju mílíáńpíà 50 lọ. Ó kéré lójú, àbí? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mílíáńpíà ló wà nínú áńpíà kan, Ah sì ni áńpíà kan fún wákàtí kan, òun ni wọ́n fi ń wọn iye iná tí bátìrì lè gbà. Mílíáńpíà 50 fún wákàtí 24 jẹ́ 1.2Ah lójúmọ́. Bátìrì tí wọ́n kọ 60Ah sí lára á ti já dé ìdajì ní ọjọ́ 25, á sì gbẹ ní ọjọ́ 50. Ká tiẹ̀ ní oníwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ọkọ̀ yín, tó ń jẹ mílíáńpíà 20 péré, 0.48Ah lójúmọ́ nìyẹn, ọjọ́ 125 ló sì máa fi jẹ ẹ́ tán. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin ju ọjọ́ 150 lọ. Ká ní bátìrì yẹn ò kú ni ì bá yà mí lẹ́nu.

Tí ẹ bá ní mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, ẹ lè wo iye tí ọkọ̀ yín ń jẹ gan-an. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ẹ tú orí nẹ́gétífù, kí ẹ fi mítà sáàárín orí bátìrì àti wáyà tí ẹ tú, ojú ibi tí wọ́n fi ń wọn áńpíà ni kó wà. Ẹ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, kí ẹ sì mú sùúrù. Kọ̀ǹpútà àwọn ọkọ̀ tuntun kì í tètè sùn, nọ́ńbà tó máa kọ́kọ́ yọ lè tóbi débi tí ẹ̀rù á fi bà yín. Ó lè gba bí wákàtí kan kó tó sọ̀kalẹ̀. Ẹ má ṣíná nígbà tí mítà bá wà níbẹ̀ o, fíúsì inú rẹ̀ á jó. Tí nọ́ńbà náà bá kọ̀ tí kò wá sábẹ́ 50, ohun kan wà tí kì í kú: iná búùtù tí kò pa, tàbí rédíò tàbí ẹ̀rọ atọpa tí wọ́n wá so mọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn tó ti kúrò nílé iṣẹ́. Àwọn nǹkan àfikún yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ní ti bátìrì tó kú lọ́dún tó kọjá, ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú lẹ́tà yín. Bí iná bá ṣe ń jáde, ohun funfun kan tí wọ́n ń pè ní sọ́fétì òjé máa ń hù lára àwọn àwo inú bátìrì. Tí ẹ bá tètè ṣáàjì rẹ̀, á yọ́ padà sínú omi. Tó bá wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, fún oṣù, á le gbagidi, ṣájà ò ní rí i tú mọ́, ibi tó bá sì bò lára àwo ti di òkú nìyẹn. Bátìrì yín pẹ́ lórí ebi, nítorí náà ó dá mi lójú pé ó ti pàdánù nǹkan. Pé ó ń ṣíná nígbà ooru kì í ṣe ẹ̀rí, torí ìdajì bátìrì lè ṣíná sí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Èmi ò lè jókòó síbí kí n sọ iye tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè bi í léèrè. Ẹ ṣáàjì rẹ̀ kó kún, ẹ yọ ṣájà, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa ń parọ́ fún mítà. Lẹ́yìn náà, bátìrì olómi tó dá ṣáṣá yẹ kó fi fóòtì 12.6 tàbí 12.7 hàn. 12.4 túmọ̀ sí bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.2 sí ìdajì, 12.0 sí ìdá kan nínú mẹ́rin, 11.9 wálẹ̀ ti tán. Tó bá jẹ́ pé 12.4 lẹ rí lẹ́yìn tí ṣájà ti sọ pé ó kún, ẹ má tan ara yín jẹ. Kódà tó bá fi 12.6 hàn, ohun tíyẹn sọ ni pé ó kún, kò sọ bí inú rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ riwáyà tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń di ẹrù ru bátìrì, kó wò ó bí fóòtì ṣe ń já tí ẹrù bá dé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Tí bátìrì náà bá ti tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ní tèmi o, màá kúkú ra tuntun nígbà tí òtútù bá lọ, mi ò ní máa tọ́jú òkú. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń tú sọ́fétì, wọ́n lè ran bátìrì tí kò tíì pẹ́ lórí ebi lọ́wọ́ díẹ̀. Mi ò tíì rí èyí tó jí bátìrì ọdún márùn-ún dìde.

Ó wá kan ọ̀rẹ́ yín tó ní kẹ́ ẹ máa ṣíná lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń ta ko ìmọ̀ràn yìí máa ń sọ pé ṣíṣíná nìkan ń jẹ iná ju ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè dá padà lọ. Àsọdùn nìyẹn náà. Kíkìstátà lè fa áńpíà 200 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá bíi méjì ló fi ń fà á, kò tó 0.2Ah. Ibi tí ìṣòro wà ni pé bátìrì tó tutù kì í gba iná kíákíá, ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti ṣáàjì bátìrì, kì í sì í mú iná tó pọ̀ wá nígbà tí ẹ́ńjìnnì kàn ń kùn lójú kan. Ẹ wá tan fáànù ooru, ẹ tan èyí tó ń yọ́ yìnyín lára gíláàsì ẹ̀yìn, ẹ tan iná iwájú, kí ló kù fún bátìrì? Bẹ́ẹ̀ sì ni láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mílíáńpíà 50 yẹn ti jẹ ju 8Ah lọ. Gbèsè ń gorí gbèsè. Ẹ́ńjìnnì náà ò jèrè nínú rẹ̀: omi tó ń jáde látinú epo tó ń jó á di ìrì sínú sàlẹ́ńsà àti sínú ọ́ìlì, nítorí pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò gbóná tó láti lé e jáde. Èyí tó burú jù ni pé èéfín ẹ́ńjìnnì ní carbon monoxide nínú, gáàsì tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó ń pa èèyàn nínú gáréèjì tí wọ́n tì. Tí ẹ bá máa ṣíná sí ọkọ̀ yẹn rárá, ẹ gbé e jáde, kí ẹ wà á fún bíi wákàtí kan lójú títì. Tí yìnyín ò bá gbà yín láyè, ẹ jẹ́ kó sùn.

Ti sìmẹ́ńtì ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà kan, igi tàbí rọ́bà líle ni wọ́n fi ń ṣe àpótí bátìrì, ọ̀rinrin sì lè wọ̀ ọ́ lára kó ṣí ọ̀nà fún iná láti jò. Ike ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí, iná kì í sì í gba inú ike kọjá. Ẹ gbé e sílẹ̀ tó bá wù yín. Orí rẹ̀ lẹ máa wò, kì í ṣe ìdí. Ìdọ̀tí àti ásíìdì tó ti gbẹ láàárín orí méjèèjì máa ń gbé iná kọjá díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Ẹ po sódà bíkábọ́nétì mọ́ omi, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ògbólógbòó bọ̀ ọ́, kí ẹ fi fọ orí bátìrì àti ẹnu wáyà tó ń so mọ́ ọn. Ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀ á hó yàà. Tí kò bá hó mọ́, ó ti mọ́ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí sódà wọ inú ihò bátìrì o, inú lọ́hùn-ún nílò ásíìdì rẹ̀. Ẹ nù ún gbẹ.

Ẹni tó ń ta ṣájà kò parọ́ fún yín, ó kàn dá apá kan ọ̀rọ̀ dúró sẹ́nu ni. Ṣájà tó lọ́gbọ́n, tó ń wo bí bátìrì ṣe ń kún, tó sì ń sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bíi fóòtì 13.2 sí 13.6 tó bá ti kún tán, lè wà lára rẹ̀ títí òtútù á fi lọ. Kò sóhun tó dára tó o fún ẹni tó ní iná nítòsí. Ṣùgbọ́n àwọn ṣájà àtijọ́ tí kò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dúró á máa ti iná wọlé ṣáá, omi inú bátìrì á máa di gáàsì lọ, àwo òjé á yọ sókè omi, á sì bàjẹ́. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí páálí rẹ̀: ṣé ó máa ń dín ara rẹ̀ kù? Ṣé ó gba irú bátìrì tẹ́ ẹ ní? Bí ẹ bá tilẹ̀ rí èyí tó dáa, gáréèjì yín kò ní iná, mi ò sì lè gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ na wáyà gígùn gba orí yìnyín fún oṣù márùn-ún. Ti oòrùn ńkọ́? Pátákó oòrùn kì í rí nǹkan kan nínú ilé. Ká ní ìta ni ọkọ̀ wà, ọ̀sán ìgbà òtútù kúrú, yìnyín á sì bo pátákó náà nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù.

Ọ̀nà méjì ló kù fún yín: kí ẹ tú orí nẹ́gétífù, kí bátìrì wà nínú ọkọ̀, tàbí kí ẹ yọ ọ́ lọ sílé. Ti àkọ́kọ́ yẹn dáa ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Tí ẹ bá ti tú u, olè ò rí nǹkan jí mọ́, ohun tó kù ni iná tí bátìrì ń pàdánù fúnra rẹ̀. Nínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bátìrì olómi ń pàdánù bí ìdá 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Nínú òtútù, kò tó bẹ́ẹ̀. Kó ṣáà ti kún kẹ́ ẹ tó tú u. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yín ti lọ́: ìrìn àjò gígùn kan kì í sábà kún bátìrì tán, ṣájà ló ń ṣe ìyẹn, ṣájà sì ń fẹ́ iná. Ẹ máa gbé e wọlé dandan. Bátìrì 60Ah wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 15. Ẹni tó bá ti gbé ìyẹn dé ilé, kí ló tún fẹ́ gbé e padà sí gáréèjì fún? Ẹ jẹ́ kó wà nílé, níbi tó tutù díẹ̀, tó gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, tí ọmọdé ò lè dé. Kó má wà nínú yàrá tẹ́ ẹ ń sùn, kó má sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ooru, torí bí ibẹ̀ bá ṣe gbóná tó ni iná rẹ̀ á ṣe máa yára lọ.

Kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, ẹ wá kóòdù rédíò tó bá ń béèrè kóòdù, ẹ sì wò ó bóyá ilẹ̀kùn àti búùtù ṣeé fi kọ́kọ́rọ́ gidi ṣí. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé inú búùtù ni bátìrì wà, iná ló sì ń ṣí búùtù; ẹni tó bá tú bátìrì níbẹ̀ tó sì pa búùtù dé ti rí iṣẹ́ wá fún ara rẹ̀. Álààmù náà máa kú, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tí ẹ̀rù olè bá ń bà yín. Orí nẹ́gétífù lẹ máa kọ́kọ́ tú. Tó bá jẹ́ pọ́sítífù lẹ kọ́kọ́ fi sípánà kàn, tí sípánà náà sì fara kan irin ọkọ̀, gbogbo iná bátìrì á gba inú rẹ̀ kọjá, á sì lẹ̀ pípọ́n síbẹ̀. Tó bá ti délé, ẹ di ẹnu ṣájà mú orí bátìrì kẹ́ ẹ tó kì í bọ iná, kẹ́ ẹ yọ ọ́ lára iná kẹ́ ẹ tó tú ẹnu rẹ̀. Bátìrì tó ń gba iná máa ń tú gáàsì háídírójìn, ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ti tó kó gbiná, nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ni kẹ́ni má tan sìgá nítòsí. Tó bá jẹ́ irú èyí tó ní ìdérí, ẹ yẹ omi rẹ̀ wò. Omi dísítíìlì nìkan lẹ máa bù sí i, ẹ̀yìn tó bá kún lẹ sì máa bù ú, àfi tí àwo òjé bá ti yọ, ẹ bu ìwọ̀nba tó máa bò wọ́n ná. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa fi mítà wò ó lóṣooṣù tàbí lóṣù méjì-méjì. Tó bá ti sún mọ́ 12.4, ẹ tún ṣáàjì rẹ̀. Bátìrì AGM, irú èyí tí aṣọ gíláàsì fa ásíìdì rẹ̀ mu tí kì í ṣàn, fóòtì rẹ̀ máa ń ga díẹ̀, bíi 12.8 tó bá kún, ó sì ń fẹ́ kẹ́ ẹ yí ṣájà sí ojú tirẹ̀. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù sì nìyí, tó ti ń wọ àwọn ọkọ̀ kan báyìí: wọn kì í ṣáàjì rẹ̀ tí òtútù bá ti wà lábẹ́ 0 °C, gbígbà iná nínú òtútù ń ba inú rẹ̀ jẹ́.

Tí ẹnì kan bá ka èyí tí bátìrì tirẹ̀ sì ti kú nínú yìnyín, kó fojú wo ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ṣájà. Èyí tó ti dì máa ń wú síta. Ẹ má ṣáàjì rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má sì fi wáyà fa iná sí i látara ọkọ̀ mìíràn, ó lè bẹ́ sí yín lójú. Ẹ gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, lórí àwo ike, kó yọ́ fúnra rẹ̀. Tó bá sán tàbí tó ń jò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń gba bátìrì tó ti bàjẹ́. Òjé àti ásíìdì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dà sórí ààtàn.

Nígbà tó bá di oṣù Kẹrin, pọ́sítífù lẹ máa kọ́kọ́ so, nẹ́gétífù á kẹ́yìn. Fèrèsé lè má gbọ́ràn mọ́ títí ẹ ó fi gbé e sókè sódò lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì sì lè máa ṣe bákan fún ìrìn díẹ̀ títí kọ̀ǹpútà á fi rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi mítà sórí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fóòtì 13.8 sí 14.5 lẹ máa rí. Tó bá jẹ́ 12 àti díẹ̀ ló dúró sí, ọ́tánétọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ riwáyà, ẹ má tíì ra bátìrì.